Dúdú Ọwọ́ Àbdùlsàlámì

"Dà á sí i, Jímọ́ọ̀. Má ṣojo."

Jímọ́ọ̀ awakọ̀ tún da karosíìnì sí ọwọ́ Àbdùlsàlámì. Àbdùlsàlámì bu yanrìn, ó fi ń ha àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ó ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó sì ti fi ẹnu ọ̀bẹ yọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ èékánná. Ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ níbẹ̀.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni Jímọ́ọ̀ wí. "Ọ̀rá ti tán. Èyí tó kù yìí, àwọ̀ ara rẹ ni."

"Bàbá mi ni mo fẹ́ lọ wẹ̀, kì í ṣe lọ́rì."

Jímọ́ọ̀ ló mú ìròyìn wá láti Pákátà, àdúgbò ilé bàbá Àbdùlsàlámì, pé Bàbá kú lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Nígbà náà, mọ́tò ò tíì pọ̀ ní Ìlọrin. Ẹ̀bá Rélùwéè ni ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan kọ́ àgọ́ páànù sí fún lọ́rì rẹ̀ tó ń kó òwú àti òrí. Ibẹ̀ ni Àbdùlsàlámì ti ń ṣe mẹkáníìkì, ibẹ̀ náà ló ń sùn, láàárín àwọn garawa bẹntiróòlù. Ẹ wo ayé: bí lọ́rì bá dún, gbogbo ìlú á sáré jáde wá wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó sùn sábẹ́ rẹ̀ tún un ṣe kó tó lè dún, wọn a máa yà fún un lọ́nà. Ọmọ àlùfáà ni, ṣùgbọ́n ó sá kúrò ní ilé-kéwú lọ kọ́ iṣẹ́ irin ní Èkó. Nígbà tó padà dé, àwo oúnjẹ rẹ̀ ti di ọ̀tọ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ tó ń kan epo ọkọ̀ kò mọ́. Ó ń dá jẹun, ó ń dá sùn, ó ń dá sọ̀rọ̀.

Bàbá nìkan ni kò sá fún un. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń fi òrí ra orúnkún Bàbá tó ti le. "Ọwọ́ rẹ mọ ibi tó ń dùn mí," ni Bàbá máa ń sọ. "Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ìwọ ni kó o wẹ ẹsẹ̀ mi."

Sàídù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà ilé-kéwú náà báyìí, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọgbà nígbà tó dé ilé Bàbá. Kò kí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò.

"Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ní kí n wẹ ẹsẹ̀ òun."

"Pẹ̀lú ọwọ́ yìí? Omi kì í wọ abẹ́ epo, Àbdùlsàlámì. Ìwọ fúnra rẹ ò ní àlùwàlá, báwo lo ṣe fẹ́ wẹ ẹlòmíì mọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Sàídù kò fọwọ́ kàn án. "Jókòó síta. Bí a bá fẹ́ kírun sí Bàbá lára, dúró sẹ́yìn pátápátá."

A kì í jà lórí òkú, Àbdùlsàlámì sì gbà pé ẹni tó mọ kéwú ló sọ̀rọ̀. Ó jókòó sábẹ́ ògiri, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi nínú ilé. Àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn ń bọ́ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kọjá lọ kí Sàídù. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó kórìíra rẹ̀.

"Ta ló bó ọ lọ́wọ́ báyìí?"

Sàfúrátù ni, àbúrò Bàbá, arúgbó tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó gbé igbá omi wá fún un. Bó ṣe nà án sí i ni Àbdùlsàlámì rí ọwọ́ rẹ̀: làálì ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì dúdú bí èédú níbẹ̀, láti orí èékánná dé ọrùn ọwọ́.

"Ìyá, ṣé ẹ kírun láàárọ̀ yìí?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ìgbà wo ni mi ò kírun rí?"

"Pẹ̀lú làálì yìí?"

"Àwọ̀ ni làálì. Àwọ̀ kì í dènà omi. Bàbá rẹ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, Sàídù ló sì jókòó tì í tó ń tún un sọ fún àwa obìnrin." Ó wo ọwọ́ tó bó náà, ó sì wo ẹnu ọgbà tí Sàídù ti dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ náà yé Àbdùlsàlámì. Sàídù mọ̀ pé àwọ̀ kì í dènà omi. Ó ti mọ̀ kó tó wo ọwọ́ rárá. Ìyẹn dùn ún ju ikú lọ, nítorí ikú kì í ṣe ọmọ ìyá ẹni. Nínú ilé, omi ti dákẹ́. Wọ́n ti wẹ Bàbá tán.

Wọ́n gbé Bàbá jáde nínú aṣọ funfun. Àbdùlsàlámì kò mu omi inú igbá náà. Ó fi ṣe àlùwàlá lójú gbogbo èèyàn, omi ń ta á lójú egbò, kò sì yára. Ọwọ́ ẹni la kúkú fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ó lọ dúró ní ìlà iwájú, lẹ́yìn Sàídù gan-an tó fẹ́ ṣe lèmọ́mù. Àwọn tó wà lọ́tùn-ún sún kúrò, àwọn ti òsì náà sún.

Sàídù yíjú padà láti sọ ohun tí gbogbo lèmọ́mù máa ń sọ kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀. Ó la ẹnu, ó rí àbúrò rẹ̀, ó rí àlàfo méjèèjì, ó sì pa ẹnu dé. Gbogbo èèyàn ń dúró dè é. Àbdùlsàlámì ò gbójú kúrò, kò sì sún sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kí ìlà yín gún," ni Sàídù wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ má fi àlàfo sílẹ̀."

Jímọ́ọ̀ ti ẹ̀yìn wá, ó fi èjìká kan tirẹ̀ lọ́tùn-ún. Lósì, kò sí ẹni tó mira. Sàídù kábárá láti bẹ̀rẹ̀ ìrun. Àbdùlsàlámì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè dé etí, bí wọ́n ṣe dúdú tó, ó sì kírun sí bàbá rẹ̀ lára.