Bọ́tìnnì tó Wà Nísàlẹ̀ Ojú Ìwé

Mo lá àlá kan lóru àná. Ẹ jẹ́ kí n rọ́ ọ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Mo bá ara mi nílé kọ̀ǹpútà kan ní Ìlá. Bàbá Oyèlẹ́yẹ, tó kọ́ mi ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama, jókòó tì mí. Ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì lọ tẹ bọ́tìnnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n kọ "Mo ṣì wà láyé" sí. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù ti di òkú nìyẹn. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Etí òsì Bàbá ti parẹ́.

Ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì náà wà tóbi ju ojú kọ̀ǹpútà lọ. Lẹ́tà kan péré tóbi tó ilẹ̀kùn. Bọ́tìnnì wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò hàn rárá.

"Ta ló sọ ọ́ di báyìí?" ni mo béèrè.

"Èmi ni. N kò mú awò ojú mi wá," ni Bàbá wí.

Mo pa ojú ìwé náà dé, mo tún un ṣí. Ó tún tóbi sí i. Mo wá pa kọ̀ǹpútà gan-an, mo sì tún un tàn.

"O ò tiẹ̀ kí mi kí o tó pa mí," ni kọ̀ǹpútà wí.

"Ẹ má bínú, ẹ káàárọ̀, mà. Ibo ni bọ́tìnnì wà?"

"Ó wà ní ọ́fíìsì ìjọba."

Ọ́fíìsì náà ń fò kọjá lókè ilé lásìkò yẹn, nítorí náà a di àtẹ̀gùn rẹ̀ mú, a gòkè. Ọ̀gá kan tó de táì ti ká ìsàlẹ̀ ojú ìwé wa sábẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti kọ̀wé béèrè?" Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti di òbúkọ, ó sì ti ń jẹ etí ìwé náà. "Ẹ padà wá lọ́la."

"Lọ́la kẹ̀? Màá ti kú nígbà yẹn!" ni Bàbá wí. Imú rẹ̀ náà ti lọ.

Mo ní irọ́ ni, n kò ní gbà. Mo di ìwé náà mú níhìn-ín, òbúkọ fi eyín dì í mú lọ́hùn-ún. Bí a ṣe ń fà á ni mo rí i pé àmì ìròpọ̀ wà lára ìwo rẹ̀ ọ̀tún, àmì ìyọkúrò sì wà lára ti òsì.

"Ti òsì ni!" Bàbá kígbe. "Ṣé o ti gbàgbé ohun tí mo kọ́ ọ ni?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé kéré, òbúkọ kéré, Bàbá náà kéré. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí bọ́tìnnì fi yọ, ṣùgbọ́n kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ìka mi kò lè tẹ̀ ẹ́. Bàbá kò sì ju àtàǹpàkò mi lọ mọ́.

"Gbé mi síbẹ̀," ó wí.

Mo gbé e síbẹ̀. Ó sáré kọjá lórí orúkọ ara rẹ̀, ó sì fò lé bọ́tìnnì lórí.

Ojú ìwé bi í pé: "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta ni kí n tún lọ bi?" Bàbá jágbe mọ́ ọn, ó sì tún fò lé e. Aago méjìlá lù. Etí rẹ̀ padà, imú rẹ̀ padà, ó sì sín gbàà.

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Aṣọ ìbora mi kò dé ìsàlẹ̀, ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló yọ síta. Mo fa aṣọ náà bò wọ́n, àyà mi yọ síta. Mo rò ó díẹ̀. Mo ká orúnkún mi sókè, gbogbo ara mi sì wọlé.