Rọ́bà Tó De Ayùn Àyìndé

Bí wọ́n bá gbé iná dé ní Ìyànà Ìbà, tí àwọn ọmọdé pariwo "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!", inú gbogbo èèyàn ló máa ń dùn, àfi Ọlábọ̀dé káfíńtà. Ọwọ́ tirẹ̀ á fò kúrò lórí ohunkóhun tó bá wà, ì báà ṣe pákó, ì báà ṣe abọ́ ẹ̀bà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní iná ń gbé búrọ̀dá káfíńtà láìfara kàn án. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n Ọlábọ̀dé kọ́ ni ejò yìí bù jẹ.

Àyìndé ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń lò, kí ayùn tó gé iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ẹ̀jẹ̀ sì tán lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, tí iná ti lọ láti àárọ̀, Àdìjá ìyàwó Àyìndé ti Okokomaiko wá, ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan dání.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, ẹ kúuṣẹ́."

"Ìyá Basit! Ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Férémù fọ́tò tí mò ń tà, mo fẹ́ máa gé igi rẹ̀ fúnra mi. Ẹ bá mi ṣe tábìlì ayùn, irú èyí tí ẹ̀yin àti ọkọ mi ṣe níjọ́sí."

"Ha! Èyí tí kọ́ḿpìnì ṣe mà wà o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá tòkunbọ̀ tó dáa ní Alábà."

"Èyí tó wà nílẹ̀ ni mo fẹ́."

Ó tú àpò náà. Ó ti fi jalámíà ọkọ rẹ̀ wé ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọlábọ̀dé ṣí aṣọ náà, ó sì rí ayùn oníná alọ́wọ́mú tí Àyìndé kú sí. Rọ́bà tíúbù dúdú kan ṣì fún bọ́tìnì rẹ̀ pa. Ìṣó kan wà nínú kókó rọ́bà náà, wọ́n ti lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ayùn alọ́wọ́mú kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ọwọ́ bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di ayùn tábìlì á dojú rẹ̀ dé sábẹ́ pákó, á jẹ́ kí eyín rẹ̀ yọ sókè láàárín. Ọwọ́ kò ní tó bọ́tìnì mọ́. Ọgbọ́n tí àwọn káfíńtà ń dá sí i ládùúgbò yìí ni pé kí wọ́n fi rọ́bà de bọ́tìnì mọ́lẹ̀, kí ayùn ṣáà máa sáré. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, títí wọ́n á fi mú iná lọ. Ayùn á dákẹ́ bí ẹni tó sùn, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ á sì gbàgbé pé ẹnikẹ́ni kò pa á. Lọ́jọ́ náà, iná lọ, igi há, Àyìndé na ọwọ́ láti yọ ọ́. Iná sì dé.

Níbi ìsìnkú, àwọn àgbà bèèrè pé ta ló de bọ́tìnì. Ọlábọ̀dé ní Àyìndé fúnra rẹ̀ ni. Gbólóhùn kan péré. Láti ọjọ́ náà ni ìyá Àyìndé ti ń sọ fún ẹni gbogbo pé àìkíyèsára ọmọ òun ló pa á. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọlábọ̀dé mọ òwe náà dáadáa. Ó gbà pé ó ṣì ku ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wọn ayùn náà sára pákó, ó gé ojú tẹ́ẹ́rẹ́ tí eyín rẹ̀ á gbà yọ, ó lu ihò mẹ́rin, ó sì fi bóòtù dè é mọ́ abẹ́ pákó. Ó kan ẹsẹ̀ sí tábìlì. Ó kan pákó gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí igi á máa fara tì bó bá ń lọ. Àdìjá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlábọ̀dé gbọ́ ikọ́ Àyìndé lẹ́yìn rẹ̀, ikọ́ gbígbẹ tí iyẹ̀ igi máa ń fà fún un. Ó yíjú. Àdìjá nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó mú ọ̀bẹ kó gé rọ́bà náà.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Àdìjá wí. "Ẹ kọ́kọ́ parí tábìlì."

Nígbà tí tábìlì parí, kò yàtọ̀ sí ti ọjọ́sí rárá.

"Mo ti fi púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì," ni Àdìjá wí. "Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín síbi tí ọwọ́ ọkọ mi wà."

"Ìyá Basit, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ gbé e síbẹ̀. Kí ẹ wá sọ ẹni tó de rọ́bà yẹn fún mi."

Ó lè kọ̀. Ó lè ní kí obìnrin náà máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé eyín ayùn náà. Irin náà tutù.

"Èmi ni," ni ó wí. "Àyìndé ní ká so súwíìṣì gidi mọ́ ọn, ká lè máa pa á. Mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, ká ṣe é bẹ́ẹ̀ ná. Nígbà tí iná lọ, mo rántí pé a ò pa á. Mo fẹ́ sọ fún un. Fóònù mi ló dún, mo sì gbé e."

"Mo mọ̀," ni Àdìjá wí. "Gbogbo Iléyá lẹ̀ ń gbé ìrẹsì wá fún àwọn ọmọ mi. Rọ́bà tíúbù lẹ fi ń di ẹnu àpò rẹ̀, ẹ á ki ìṣó bọ inú kókó, ẹ á lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń tú kókó yín, Bàbá Tìmílẹ́hìn."

Kó tó fèsì, ariwo sọ níta: "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Gílóòbù tàn. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọwọ́ tó ti ń fò láti ọdún mẹ́ta, kò fò lọ́jọ́ náà. Ó wà lórí ayùn, Ọlábọ̀dé sì di ojú rẹ̀ pinpin.

Ayùn náà kò mira.

Nígbà tó lajú, púlọ́ọ̀gì wà lórí itan Àdìjá, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Mo fẹ́ fi sí i," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo nàgà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí báyìí." Ó nu ojú. "Ìyá ọkọ mi kú ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó forí jin ọmọ wọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀. Ọ̀la ni fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹ máa wá, ẹ máa sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí."

"Màá wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì láti tú rọ́bà náà. Ìka rẹ̀ ń yọ̀ lórí ìṣó. Àdìjá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yí ìṣó náà padà lẹ́ẹ̀mejì, rọ́bà sì já bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ wá so súwíìṣì tí ọkọ mi ní kí ẹ so mọ́ ọn," ni ó wí.

Ọlábọ̀dé lọ ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Súwíìṣì náà wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Àyìndé ti rà á kó tó kú.