Létí Ni Mo Fẹ́ Kó Wà

"Létí ni mo fẹ́ kó wà," ni ohùn oníbàárà obìnrin kan wí nínú ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ wúrà ti fi àtàǹpàkò pa á lẹ́nu mọ́. Ó da fóònù náà dojú dé orí tábìlì, sáàárín ìfọ́ wúrà àti ẹ̀mú wẹ́wẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí ó sun oorun àsùnpiyè.

"Olúwa mi," ló wí, "ìwọ nìkan lo mọ ohun tí mo ṣe fún obìnrin yìí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó sí igun kejì yàrá iṣẹ́ náà, nídìí kẹ̀kẹ́ olómi tó fi ń gé òkúta iyebíye. Òun a gé òkúta, àbúrò rẹ̀ obìnrin a kọ́ ilé wúrà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹun láti ìgbà tí bàbá wọn ti fi yàrá náà sílẹ̀ fún wọn. Ariwo kẹ̀kẹ́ ti jẹ etí òsì ẹ̀gbọ́n tán. Ọ̀tún ló kù, ó sì jọ pé ohun tó bá wu ọ̀tún náà nìkan ló ń gbà wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n o. Màdáámù Mo-tún-rò-ó ti tún un rò."

"Kí ló tún fẹ́?"

"Yẹtí."

Àwọn méjèèjì ló jọ sọ oníbàárà náà lórúkọ yẹn, torí kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí ó má kọ́kọ́ ní, "Mo tún rò ó wò, mà." Òrùka ló gbé wá lákọ̀ọ́kọ́, òrùka ìyá rẹ̀ tó ti ṣaláìsí. Ara òrùka náà ti gbó tán, ṣùgbọ́n òkúta orí rẹ̀ mú kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Sáfírè ni, ó dúdú bí ojú sánmà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n gé e róbótó bí ìdajì ẹyin ẹyẹ. Bí èèyàn bá gbé e sábẹ́ iná kan ṣoṣo, ìràwọ̀ á yọ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yí i, ìràwọ̀ náà á máa rìn, bí ohun tó ń mí. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti ń gé òkúta, kò tíì fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn, ó ṣí fìlà.

Obìnrin náà ní kí wọ́n tún òrùka ṣe. Alágbẹ̀dẹ yọ́ wúrà, ó rọ ọ́, ó kù díẹ̀ kó tán. Mo tún rò ó wò, mà, ẹ jẹ́ ká fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Ó tú òrùka, ó fa wúrà náà tín-ín-rín, ó hun ún. Obìnrin náà wá, ó gbé e kọ́rùn níwájú dígí, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Ó lẹ́wà o, mà. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe máa ń rí."

"Báwo ló ṣe máa ń rí?"

Kò mọ̀ ọ́n sọ. Ó kàn na ọwọ́ síwájú, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́ nínú òkùnkùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀gbà ọwọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbà ọwọ́ náà ló wà lórí tábìlì báyìí, fífẹ̀, dídán, tí alágbẹ̀dẹ ti kọ́ ilé òkúta sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Ó ku kí òkúta wọlé. Kò ṣe iṣẹ́ tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún.

"Òkúta kan," ni ẹ̀gbọ́n wí, "etí méjì?"

"Ẹ bá mi bi í. Ó ní létí lòun fẹ́ kó wà."

"Pè é padà."

"Mo ti pè é, kò gbé e. Inú ọkọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀la ló ń rìnrìn àjò, ó sì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ẹ bá mi là á sí méjì, kí n rí ọ̀nà sinmi."

"Mi ò là á."

"Ṣé òkúta yín ni?"

"Ṣé tìẹ ni?"

"Tiẹ̀ ni. Ẹni tó ni nǹkan ló ní ká là á."

Ẹ̀gbọ́n nu ọwọ́ rẹ̀ nínú ṣòkòtò. "Àárín ni ìràwọ̀ yẹn ń gbé, Kíá-kíá." Orúkọ tó ń pè é láti kékeré nìyẹn, torí ìyá wọn ò lè rán an níṣẹ́ kó má sáré ṣubú. "Tí mo bá là á, a ò ní í rí ìràwọ̀ méjì. Òkúta búlúù méjì la máa ní, tí ìkan ò ní mọ ohun tó ṣe èkejì."

"Ó yẹ kó ti tún rò ó kó tó fi ránṣẹ́. Ó ti sú mi. Ẹ̀yin náà ti sú mi. Ẹ̀gbà yìí ńkọ́?" Ó mú ẹ̀mú, ó gbá ilé òkúta mú láàárín ẹ̀gbà ọwọ́ náà, ó sì fà á tu. Ilé náà yọ pẹ̀lú ìró kékeré kan. "Ẹ wò ó. Èmi ti ṣe tèmi."

Ẹ̀gbọ́n wo àmì tó kù lára wúrà náà. Ó yọ́ ìda, ó fi lẹ sáfírè náà mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi tàdáwà fa ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó tan kẹ̀kẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí i lápá. Àmọ́ dípò kó gbé òkúta sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ariwo, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe máa ń ṣe:

"Ọmọ inú ilẹ̀ tó gbé ìràwọ̀ mì,
Abara-tútù-bí-omi-òru,
Adákẹ́-má-sùn,
A-rí-ọ-má-mọ̀-ọ́n-sọ."

"Ẹ ń kì í, ẹ ò gé e," ni alágbẹ̀dẹ pariwo. "Ṣé yóò dìde jó fún yín ni?"

"Mo ń dágbére fún un ni."

"Ẹ dágbére kíákíá."

Ó gbé e lọ. Ó ku bí ìbú irun kó kan ẹnu kẹ̀kẹ́ náà, àmọ́ ó pa kẹ̀kẹ́. Ó rọra ń yí, ó ń yí, ó dúró. Yàrá náà pa rọ́rọ́, àyàfi omi tó ń kán sínú abọ́.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀."

"Mo ti sọ ohun tó wí fún yín."

"O sọ tìẹ. Tiẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Tí mo bá là á tán, kò sí ìda tó lè lẹ̀ ẹ́ padà."

Alágbẹ̀dẹ mí kanlẹ̀. Àdúrà fún sùúrù tó gbà láàárọ̀ ti tán lára rẹ̀ pátápátá. Ó mú fóònù, ó gbé e ti etí ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi gbá a.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú sí mi. Mo tún rò ó wò, mà. Létí ni mo fẹ́ kó wà."

Alágbẹ̀dẹ na ìka láti pa á. Ẹ̀gbọ́n di ìka náà mú.

"Kó má wà láàárín ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn, mà. Etí ẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ ìka kékeré. Aránṣọ ni màmá mi. Tí wọ́n bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n máa ń yí òrùka yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má baà fa òwú yọ lára aṣọ oníbàárà. Abẹ́ ẹ̀rọ lèmi máa ń jókòó sí, mo ń ṣa bọ́tìnì. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i tí iná ẹ̀rọ bá kàn án. Mi ò rí i látòkè rí, mà. Àná ló tó yé mi pé ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀ ò fi jọ ọ́. Ẹ má bínú."

Ìró ọkọ̀ díẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ó parí.

"Ìwọ tí etí méjèèjì ń ṣiṣẹ́," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì fi ìka rẹ̀ sílẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ fẹ́ sọ pé kí ló dé tí obìnrin náà ò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ló rí lójú ọkàn rẹ̀, ọwọ́ tó nà síwájú dígí, tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó mú ẹ̀gbà ọwọ́ náà. Ó fi ìka pa ojú ibi tó ti tu ilé òkúta. Ó gbé ilé náà lé etí ẹ̀gbà, ó wò ó. Ó bá a mu.

Ẹ̀gbọ́n ti ń yọ́ ìda kúrò lẹ́sẹ̀ òkúta, ó ń fi òwú tútù nu ìlà tàdáwà nù.

"Ẹ mú un dání," ni àbúrò wí. "Ẹ gbé ọwọ́ yín sórí tábìlì, sábẹ́ iná."

Ó kúnlẹ̀. Ó wọ abẹ́ tábìlì tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, láàárín eruku wúrà àti wáyà já-já.

"Kí ló sọ nù?"

"Kò sí. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yọ létí tábìlì."

Ó yí i. Ìràwọ̀ náà yọ láti òkè wá, létí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Alágbẹ̀dẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pátápátá, ó ká ẹsẹ̀ jọ.

"Ọwọ́ ń ro mí o. Ṣé o ti rí i?"

"Ẹ dúró ná," ni Kíá-kíá wí.