Àmì Búlúù Ẹ̀yìn Àgùntàn

Àgùntàn kẹta nìyí tí Ìyá Alágùntàn yóò fà wá sílé ìpẹran kí ó má baà kú sílẹ̀. Ó ku márùn-ún nílé, Arúgbó, àgùntàn tó bí gbogbo wọn, sì ti ń wú lábẹ́ àgbọ̀n.

Alápatà fa ẹ̀dọ̀ jáde, ó là á. Ẹ̀dọ̀ náà le gbagidi, aràn pẹlẹbẹ bí ewé sì ń jáde níbẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ gbìn sínú ẹ̀dọ̀ ẹran yìí ni?"

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. "Ó lo oògùn aràn o! Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún yìí. Wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Lóòótọ́, ọ̀dà búlúù wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń ro Ìyá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá a da oògùn sẹ́nu ẹran. Èyí tó bá ti gbé e mì, á kùn ún lọ́dà, kó má baà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Á wá wọlé wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ti di aláṣọ búlúù." Ìyá á rẹ́rìn-ín, á sì ṣàdúrà fún un.

Dókítà ẹran tó ń fún Ìyá lóògùn wà níbẹ̀, ó yẹ ẹ̀dọ̀ náà wò. "Màmá, koríko etí odò ni wọ́n ti jẹ aràn yìí, níbi tí ìgbín omi wà. Ṣùgbọ́n aràn tó dàgbà tó báyìí? Ẹran yìí ò mu oògùn kankan."

Ilé àbúrò ni Ìyá gbà lọ tààrà. Àgùntàn tirẹ̀ ń dán, kò sí ọ̀kan tó ní ọ̀dà lẹ́yìn. Ike oògùn mẹ́fà ló ṣófo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, orúkọ Ìyá ni dókítà kọ sára gbogbo wọn. Keje ṣì kún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Tèmi ló ń ṣàìsàn nígbà yẹn. Tiyín ṣì sanra."

"Mo gbọ́. Ọ̀dà ńkọ́? Kí lo ń kun ẹran mi fún?"

Ó wolẹ̀. "Kí ọkàn yín lè balẹ̀ ni."

Ìyẹn gún Ìyá ju ikú àgùntàn mẹ́ta lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣàdúrà sórí ọ̀dà lásán.

Ó gbé ike keje, ó forí lé ọgbà tirẹ̀. Àbúrò sáré tẹ̀lé e, ó nawọ́ láti bá a di Arúgbó mú.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ìyá fi orúnkún há ọrùn àgùntàn náà, ó fọwọ́ òsì da oògùn. Ìdajì ṣàn sáṣọ rẹ̀. Ó tún wọn òmíràn, ó sì tẹjú mọ́ ọ̀fun ẹran náà títí ó fi gbé e mì. Ó wá mú agolo ọ̀dà búlúù tó wà lórí ògiri ọgbà, ó nà án sí àbúrò.

"Gba nǹkan rẹ. Oògùn tí èyí mu, ojú mi ló ṣe."