Ẹ̀fọ́ Tí Àǹtí Sọ̀fíyàt Sè

Èmi ni mo sọ fún Qúdrát, àbúrò mi, pé kó má fi ẹnu kan ẹ̀fọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà yẹn. Èmi ti pé mẹ́rìndínlógún. Ìyá wa ò tíì pé ọdún kan nínú sàréè tí bàbá wa fi gbé Àǹtí Sọ̀fíyàt wá sínú agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà. Àǹtí ò ṣe wá níkà. Ìdí ààrò ìyá mi ni wọ́n ti ń dáná, ìkòkò ìyá mi ni wọ́n ń lò. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú mi bínú.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni bàbá wa, Gàfárù, ń tún ṣe ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyá wa. Nítorí náà, Àǹtí ò tíì lo oṣù méjì nílé wa tí wọ́n fi fa Bàbá lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan pé kó bá wọn yẹ ara wọn wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ga débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ òun ló bàjẹ́. Ó fún wọn lóògùn, ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n fi ẹran díndín sílẹ̀, kí wọ́n sì máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso lójoojúmọ́.

"Ẹ má sì dá nìkan jẹ ẹ́ o," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí náà ló mú ìyá àwọn ọmọ lọ. Gbogbo ilé ni kó jẹ ẹ́."

Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn náà ni Àǹtí tó sọ èyí fún mi. Lásìkò tó ń ṣẹlẹ̀, mi ò bi wọ́n léèrè.

Bí ṣọkọ ṣe dé ilé wa nìyẹn, tí tẹ̀tẹ̀ dé, tí gbúre dé. Ọbẹ̀ ata tí ìyá mi máa ń kó ẹran díndín sí pòórá. Tó bá di Sátidé, Àǹtí á ra ìbẹ́pẹ àti ọsàn bọ̀ láti Ọjà'ba, wọ́n á gé e sínú abọ́, wọ́n á gbé e sí àárín wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ se ẹ̀bọ̀lọ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Qúdrát nawọ́ sí i. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Má jẹ ẹ́! Ṣé o mọ ewé tó wà níbẹ̀ ni?"

Àǹtí gbójú sókè. "Karimat, ẹ̀bọ̀lọ̀ ni. Ẹ̀bọ̀lọ̀ tí gbogbo èèyàn ń jẹ."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Àǹtí. Màmá mi ò se irú ẹ̀ fún wa rí."

Kò sẹ́ni tí ohun tí mò ń dọ́gbọ́n sọ ò yé. Òkèlè ti wà lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ojú Àǹtí, wọ́n sì rọra dá òkèlè náà padà sínú àwo.

"Sọ̀fíyàt, fi wọ́n sílẹ̀ ná," ni Bàbá wí. "Ebi ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ pa èmi náà."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mi ò ní purọ́.

Àǹtí ò jáwọ́. Wọ́n gé ṣọkọ wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà. Mo ṣà á kúrò níkọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn Àǹtí àti Bàbá nínú yàrá.

"Bàbá Karimat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́ lójú wọn. Tí wọ́n bá rí i pé ẹ jẹ ẹ́, tí nǹkan kan ò ṣe yín, ọkàn wọn á balẹ̀."

"Ọmọ yẹn ṣì ń ṣọ̀fọ̀," ni Bàbá dáhùn. "Mi ò fẹ́ kó rò pé mo ti gbàgbé ìyá rẹ̀."

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń jáde nílé láìjẹun. Ìrẹsì àti ẹran díndín ni wọ́n ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án tí Àǹtí dé, ní àárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò gbéra. Kí àwọn aládùúgbò tó gbé wọn dé ọsibítù, ẹnu wọn ti wọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn wálé. Ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu wọn mọ́. Àǹtí ló wá ń gún ẹ̀fọ́ kúnná fún wọn, tí wọ́n ń fi ṣíbí bu ìbẹ́pẹ sí wọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan mo bá Àǹtí nídìí ààrò, wọ́n ń já tẹ̀tẹ̀. Mo jókòó, mo bá wọn já a.

"Àǹtí, ṣé èmi ni mo fà á?"

Mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé rárá. Wọn ò dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró.

"Mi ò mọ̀, Karimat," ni wọ́n wí. "Ó lè jẹ́ pé bó ṣe máa rí náà nìyẹn. Mi ò mọ̀."

Bàbá lo oṣù méje sí i kí wọ́n tó kú. Nígbà tí Àǹtí ṣe opó tán, àwọn ẹbí wọn wá láti Kúdẹtì, wọ́n kó ẹrù wọn lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á.

Èmi ni mò ń se ẹ̀fọ́ nílé báyìí. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bu òkèlè, kí Qúdrát rí mi. Ó ń jẹ ẹ́. Ó ní kò dùn tó ti Àǹtí.