Ẹ̀gbẹ́ Bassu Nínú Àwo

Ìyá àgbà Itto, ìyá Bassu, ṣì wà láyé nígbà náà. Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni ní Tinghir, ìlú kan lẹ́yìn òkè, wọ́n yí àwo kúsíkúsì, oúnjẹ ọkà ọjọ́ Jímọ̀, ká, kálukú ń jẹ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ni Ijja kékeré bá na ṣíbí síbi tí ẹran wà.

“Gbọ́wọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀!” Ìyá àgbà Itto ké mọ́ ọn láti orí ibùsùn àìsàn rẹ̀. “Ẹ̀gbẹ́ bàbá ẹ nìyẹn. Àbí o ò mọ ẹ̀gbẹ́ tìẹ ni?”

“Bàbá ò kúkú sí nílé, Màmá àgbà.”

“Iṣẹ́ ìlú ló dì í mú. Ó ń bọ̀.”

Tuda, ìyá ọmọ náà, rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Òun ló bá Bassu ọkọ rẹ̀ tọrọ ìbò láti ilé dé ilé, títí bàtà fi já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Látìgbà tí Bassu sì ti wọ ilé aṣòfin ní Rabat, olú-ìlú, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ lórí fóònù: àwọn ń jókòó ìgbìmọ̀ ní gbogbo Jímọ̀, ọ̀nà orí òkè sì jìn. Tuda gbà á gbọ́. Ìyá tó bí i gbà á gbọ́ jù ú lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́ ni Addi, aṣòfin ìlú kejì, ti wọlé wá kí aláìsàn.

“Ọnọ́rébù, ẹ̀yin sá kúrò níjòókòó ni?” Tuda fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìjókòó wo?” Addi bú sẹ́rìn-ín. “Lọ́jọ́ Jímọ̀ kẹ̀? Ìyàwó wa, ológbò nìkan ló ń jókòó níbẹ̀ lónìí! Ọjọ́ Ajé là ń da ìbéèrè bo àwọn mínísítà. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, kálukú ti forí lé ilé ìyá ẹ̀. Ṣé Bassu ò tíì dé ni?”

Ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwo tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Tuda wo ìyá ọkọ rẹ̀. Arúgbó náà ti kọjú sí ògiri.

“Tuda,” ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, “bo oúnjẹ ọkọ ẹ.”

Tuda bò ó. Kò pe Bassu kó bi í léèrè ibi tó ń lo Jímọ̀ rẹ̀ sí. Ẹni tó lè purọ́ fún ìyá tó ń kú lọ, irú òótọ́ wo ni yóò kù lẹ́nu rẹ̀ fún aya?

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ní òwúrọ̀, Ìyá àgbà Itto dákẹ́. Ìgbà yìí ni Tuda tó pe ọkọ rẹ̀.

Bassu bú sẹ́kún. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí di ọ̀la. Ọ̀sán yìí ni ìbéèrè mi, lórí ọ̀nà òkè wa. Tuda, mo fi Ọlọ́run búra, ilé ń jókòó lónìí!”

“Mo mọ̀. Ọjọ́ Ajé ni. Ṣùgbọ́n òkú kì í dúró níbí, Bàbá Ijja.”

Nígbà tí àwọn ọkùnrin gbé arúgbó náà lọ sí itẹ́ òkú, àwọn obìnrin jókòó nínú ilé. Tẹlifíṣàn aládùúgbò ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ohùn Bassu ni. Ó ń pariwo mọ́ mínísítà pé ọ̀nà burúkú yẹn ni kì í jẹ́ kí ọmọ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lásìkò.

“Ẹ bá mi pa nǹkan yẹn,” ni obìnrin kan wí.

Nírọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò gbé kúsíkúsì wá. Ijja jókòó, ó ń jẹ níwájú ara rẹ̀, ó yẹra fún ibi tí ẹran wà gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ṣe kọ́ ọ.

Tuda di etí àwo mú. Ó yí i títí ẹ̀gbẹ́ Bassu fi kọjú sí ọmọ.

“Jẹ ẹ́,” ó wí. “Má ṣẹ́ nǹkan kan kù.”