Ìka Màmá Mẹ̀dínátù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí fóònù ṣe ń sọ àgbà di ọmọdé, kó wá wo Kẹ́misọ́lá. Tíṣà ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlobì, Ìlaròó ló ń gbé, àràárọ̀ ló sì ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́. Lójú ọ̀nà yẹn, kò sí ohun tí kì í yà ní fọ́tò. Ewúrẹ́ tó sùn sórí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá, ó yà á. Ìrì orí ewé kókò, ó yà á. Oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn oko ọsàn, ó ya ìyẹn tó igba. Ọdún kẹta rèé tó ti ń kó wọn lọ sórí ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta fọ́tò, kò sì tíì sẹ́ni tó bèèrè pé èló ni. Gideon ọkọ rẹ̀, tó máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ta ni yóò ra oòrùn Ìlaròó nígbà tí oòrùn tirẹ̀ wà lókè orí rẹ̀. Kẹ́misọ́lá náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún gan-an. Ohun tó fẹ́ kò ju pé kí ẹnì kan ṣoṣo, tí kò mọ òun rí, wo ohun tí ojú òun rí, kó sì wù ú.

Fọ́tò tó padà wu ẹnì kan, ti Màmá Mẹ̀dínátù ni. Ẹ̀yìn ilé ìwé ni ìyá yìí ń gbé, abẹ́ igi máńgòrò ló sì máa ń jókòó sí bó ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ kan, ó ń fi àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe yẹ̀yẹ́ ló bá bú sẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù lẹ́nu rẹ̀ yọ síta, èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ ọn létè, Kẹ́misọ́lá sì fi fóònù ká a mọ́bẹ̀. Nígbà tó fi han màmá, màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ òun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, fọ́tò ti kárí Wasáàpù Ìlobì, ó ti dé ọ̀dọ̀ àkọ́bí rẹ̀ ní Kútọnu. Ẹni tó bá ti ń kọjá ni ìyá ń bi bóyá ó ti rí òun nínú fóònù.

Nígbà tí àwọn kan tó ń tẹ ìwé nípa oúnjẹ sísè nílẹ̀ òkèèrè ní fọ́tò yìí làwọn fẹ́ lò fún èèpo ìwé wọn, Kẹ́misọ́lá fò sókè, ó da omi ẹ̀wà nù. Àṣé ayọ̀ náà kò tíì pé. Ìkànnì náà ní ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú fọ́tò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan, bí ìwé náà kò bá sì dé kí ọjọ́ Ẹtì tó tán, títà kò sí. Màmá kò mọ̀wé kọ, àfi kó tẹ̀ka. Bẹ́ẹ̀, nílé Màmá Mẹ̀dínátù, wọn kì í tẹ̀ka.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìlobì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ọkùnrin kan tó wọ bàtà dídán gbé ìwé wá, ó ní ìjọba fẹ́ pín ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Bàbá tẹ̀ka, ó tún fi iṣu méjì ta ọ̀gbẹ́ni lọ́rẹ. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ri òpó yí oko kòkó bàbá ká, nítorí ìwé tó tẹ̀ka sí ti ta ilẹ̀ náà pátá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Láti ìgbà náà, ìbò ni o, báńkì ni o, màmá kì í fi ìka kan bébà.

Gideon yẹ ìwé àdéhùn náà wò, ó sì rí ibi tó le. Ó gba ìyàwó rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó ka ibi tó dán mọ́rán fún màmá, kó fo ibi tó le. Ó ní irọ́ kọ́, ìkẹ́ ni. Ìmọ̀ràn yìí ni Kẹ́misọ́lá gbé sínú lọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ilé ìwé parí.

Ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ọwọ́ màmá dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó ní kó ka ìwé náà sétí òun.

Kẹ́misọ́lá ń kà á lédè Yorùbá, orúkọ, ọjọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ fi fọ́tò ṣe, títí ó fi dé ibi tó le. Ọdún mẹ́ta rèé, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ló sì kù kó fò. Ṣùgbọ́n màmá tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì lè ṣe é.

“Wọ́n ní ẹ ti fún àwọn ní àwòrán ojú yín títí láé, níbi gbogbo láyé, ẹ kò sì lè gbà á padà mọ́.”

Ó ká ìwé náà, ó ní kí màmá má bínú, pé bí màmá kò bá fẹ́, kò dun òun. Irọ́ ni, ó ń dùn ún. Ó ti ń dìde lọ nígbà tí màmá sọ̀rọ̀.

“Ẹni tó gbé ti ọkọ mi wá kò ka irú ibẹ̀ yẹn jáde. Gbé tàdáwà wá.”

Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìró, ó ṣe bísímílà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá ti ìwé náà sọ́dọ̀ Kẹ́misọ́lá, ó ní kí tíṣà náà tẹ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Kẹ́misọ́lá ní òun mọ̀wé, òun yóò kọ orúkọ òun.

“Mo mọ̀ pé o mọ̀wé. Ọkùnrin yẹn náà mọ̀wé, kò sì tẹ tirẹ̀.”

Tíṣà tẹ̀ka. Màmá wo ìka méjèèjì lórí bébà, ó rẹ́rìn-ín, eyín méjì yọ. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kẹ́misọ́lá, ó ní kó yọ fóònù, kó ya ìyẹn náà, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe títà. Ó ní kó fi ránṣẹ́ sí Kútọnu, kó sọ fún àkọ́bí òun pé ìyá rẹ̀ tẹ̀ka lónìí.